Bóòhò Ni Tàbí Òfin? Àgbéyẹ̀wò Ìlérí Àwọn Olùdíje fún Ilé Aṣòfin

Bí àsìkò ìpolongo ìbò bá ti dé, ògiri kì í rójú mọ́. Láti Ìsẹ́yìn dé Ìkòròdú, láti Ọ̀wọ̀ dé Ọ̀fà, ẹni tó bá ń ka pátákó àwọn tó ń díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tó sì ń tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn pariwo, ohun kan náà ni yóò máa bá pàdé: ọ̀dà yóò bo òpópónà, tíráńsífọ́mà yóò dé àdúgbò, bóòhò yóò máa da omi, àwọn ìyá yóò gba ẹ̀rọ ìlọta, àwọn ọ̀dọ́ yóò gba ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹni tó ń du ipò gómìnà ń sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ ṣe alága káńsù ń sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ lọ ṣòfin l'Ábújá náà ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá yọ orúkọ ipò kúrò lára àwọn pátákó yìí, a ò ní mọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ń dù.

Ìdìbò ọdún 2027 ti sún mọ́lé, nítorí náà ó yẹ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ kí ariwo tó gba ìgboro. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Kí ni ẹni tó ń díje fún ilé aṣòfin lè ṣèlérí tí agbára rẹ̀ ká a? Ibo ló sì dúró lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn yóò gbé síwájú rẹ̀ pé kó dìbò lé? A máa ń béèrè àkọ́kọ́ lábọ̀-lábọ̀. Ìkejì, a kì í béèrè rẹ̀, ètò ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ sì jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ nira láti rí.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Abala 4 ló fún ilé aṣòfin àpapọ̀ lágbára láti ṣòfin. Abala 80 àti 81 fi ẹnu àpò ìjọba sí wọn lọ́wọ́, kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ jáde bí wọn kò bá fọwọ́ sí i. Abala 88 ní kí wọ́n máa wádìí àwọn tó ń ná owó náà. Aṣòfin àgbà 109 ló wà, mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ẹyọ kan fún Àbújá; aṣojú-ṣòfin jẹ́ 360. Kò síbi tí òfin ti rán ẹnikẹ́ni nínú wọn pé kó lọ gbẹ́ kànga.

Báwo wá ni bóòhò ṣe di iṣẹ́ aṣòfin? Owó ni. Láti ayé ìjọba Ọbásanjọ́ ni wọ́n ti ń ya owó sọ́tọ̀ nínú ìṣúná fún iṣẹ́ àkànṣe ní ẹkùn aṣòfin kọ̀ọ̀kan. Fún ọdún gbọọrọ, 100 bílíọ̀nù náírà ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Nínú ìwé, owó yìí kì í kan aṣòfin lọ́wọ́. Òun ni yóò sọ ohun tó fẹ́ àti ibi tó fẹ́ ẹ sí, iléeṣẹ́ ìjọba kan yóò wá gbé e fún agbaṣẹ́ṣe. Ẹ wo ara bóòhò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tàbí iwájú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò yín: orúkọ aṣòfin ló máa ń wà níbẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú oyè rẹ̀ gbogbo, orúkọ iléeṣẹ́ tó sanwó wà nísàlẹ̀ ní kékeré, iye tí iṣẹ́ náà jẹ kò sí níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá wá dákú, káńsù yóò ní iṣẹ́ àwọn kọ́, iléeṣẹ́ yóò ní àwọn ti fà á lé ìlú lọ́wọ́, aṣòfin yóò ní kí ẹ dá òun padà sípò kí òun lè ṣe òmíràn.

Àjọ ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ pinpin àwọn iṣẹ́ yìí ní ọdún 2019. Àwọn ọ̀dọ́ àjọ BudgIT, tó ń yẹ ìṣúná ìjọba wò, sì ti ń fi ètò Tracka wọn ṣe é láti ọdún 2014, wọ́n ń ya fọ́tò ibi tí owó ti jáde tí iṣẹ́ kò sí. Nínú ìṣúná ọdún 2025, BudgIT ní àwọn ka iṣẹ́ 11,122 tí àwọn aṣòfin fi kún un, tí àròpọ̀ owó wọn jẹ́ 6.93 tírílíọ̀nù náírà. Iná ojú pópó nìkan jẹ́ 1,477. Bóòhò jẹ́ 538. Ọdún kan ṣáájú, ní oṣù kẹta 2024, Sẹ́nétọ̀ Abdul Ningi láti Bauchi ti sọ̀rọ̀ síta pé wọ́n ti ki 3.7 tírílíọ̀nù bọ inú ìṣúná. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, wọ́n sì ní kó lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́ta.

Mi ò bá olùdìbò wí o. Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà láràárọ̀ kò ní àǹfààní láti máa dúró de àbá òfin tó lè lo ọdún mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀. Nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní 2018, ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo ayé ni “dìbò kí o sebẹ̀”, àwọn ọ̀mọ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ará ìlú ní ọ̀kánjúwà. Ìṣirò ni èmi rí níbẹ̀. Bóòhò ṣeé fojú rí, ó ṣeé fọwọ́ kàn, bí kò bá sí, a mọ̀ pé kò sí. Nínú gbogbo ohun tí aṣòfin ń sọ, òun nìkan ni ará ìlú lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan gbà pé kò sí bí ìlérí òfin ṣe lè tà nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1951 sí 1956 ta ko wọn. Ní Ọ̀wọ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1951, ni wọ́n ti ṣí Action Group, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, níta gbangba. Kí ìbò ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn tó wáyé lọ́dún náà, wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sílẹ̀ lórí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀, ìlera àti ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù keje 1952, S. O. Awókòyà tó jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ka iwájú ilé. Ó ní iye tí yóò náni, ìjọba kò sì fi èyí pamọ́: wọ́n dá owó-orí ẹ̀kọ́ àti ìlera lé aráàlú lórí.

Ìlú gbóná. Ní Ìbàdàn, Adégòkè Adélabù, tó jẹ́ ti NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, kó àwọn àgbẹ̀ tí owó-orí àti bíbẹ́ igi kòkó ti sú jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́. Àwọn òpìtàn kan máa ń sọ̀rọ̀ Adélabù bí ẹni pé àlùwàlá ológìnní ni gbogbo òṣèlú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ó ní ibi tó dúró lé: kí wọ́n má fi owó ẹ̀kọ́ di ẹrù lórí àgbẹ̀ oko. Ọlọ́pẹ náà ní ibi tó dúró lé. Àríyànjiyàn lórí òfin gidi nìyẹn, ní ọjà, ní abà, ní ẹ̀dẹ̀ ilé. Nígbà tí wọ́n dìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, NCNC gba àga 23 nínú 42 tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group gba 18. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀ nítorí ohun tó ṣèlérí tó sì ń ṣe.

Wọn kò yí ètò náà padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, iléèwé ọ̀fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú ìdìbò ẹkùn, Ọlọ́pẹ gba 48 nínú àga 80. Àwọn òbí ti rí síléètì lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àwọn tó kọ̀ wọ́n ní 1954 kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ti sọ iye ọjà fún wọn, wọ́n sì ní ó wọ́n. Mélòó nínú àwọn olùdíje òde òní ló ń dárúkọ owó ohun tó ń ṣèlérí?

Ètò ìjọba ìgbà náà tún yàtọ̀ sí tòní. Ẹgbẹ́ tó bá pọ̀ jù nínú ilé ló ń di ìjọba, nítorí náà, bí olùdíje bá ní òun yóò kọ́ iléèwé, àwọn tí wọ́n jọ wọlé ni yóò kọ́ ọ. Ní 1979 a gba aṣọ Amẹ́ríkà wọ̀: aṣòfin lọ́tọ̀, aláṣẹ lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ UPN ṣì gbé ìlérí mẹ́rin kalẹ̀ fún gbogbo olùdíje rẹ̀, láti orí ẹni tó ń du ààrẹ dé orí ẹni tó ń du ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, iṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ó kéré tán, a mọ ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ náà yóò dìbò fún bó bá dénú ilé. Lónìí, abala 224 òfin ilẹ̀ wa sọ pé ètò ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ bá Orí Kejì òfin náà mu, ìyẹn orí tó ń sọ ojúṣe ìjọba lórí ẹ̀kọ́, ìlera àti ọrọ̀ ajé. Abala 6 sì ti sọ pé a kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mọ èyí dáadáa.

Ọ̀nà míràn wà. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ará Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sákété ti ń dìbò, orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ka fún. Àga 109 ló wà fún ẹkùn ìdìbò 24, àga kan nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti obìnrin. Ìlérí ẹnìkan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbẹ̀.

Ká wá padà sílé, ká wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí olùdíje máa sọ ibi tó dúró sí. Iná mànàmáná ni kí n fi ṣáájú, nítorí tíráńsífọ́mà ni wọ́n máa ń ṣèlérí jù. Kí ọdún 2023 tó dé, ìpínlẹ̀ kò lè ṣòfin lórí iná níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá dé. Àtúnṣe òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún náà mú ìdè yẹn kúrò, Òfin Iná Mànàmáná tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà sì tẹ̀ lé e. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso ọjà iná wọn lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, ní 2024. Èyí túmọ̀ sí pé aṣòfin ìpínlẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ í sọ lórí ẹni tí yóò gba ìwé àṣẹ, lórí àjọ tí yóò máa dá owó iná lé, lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí iléeṣẹ́ tó ń gba owó tí kò fúnni níná. Ẹni tó ní irú agbára yìí tó wá ń ṣèlérí tíráńsífọ́mà kan fún àdúgbò kan, ó ń ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀.

Ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ àpẹẹrẹ míràn. Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, aṣojú Sùúrùlérè tó jẹ́ olórí ilé aṣojú-ṣòfin nígbà náà, ló gbé àbá rẹ̀ wá. Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ọmọ tí owó tó ń wọlé fún ẹbí rẹ̀ bá tó 500,000 náírà lọ́dún kò lè yá a. Owó oṣù tó kéré jù nígbà náà jẹ́ 30,000. Bí bàbá bá ń gba èyí, tí ìyá náà ń gba èyí, 720,000 ló ń wọlé fún wọn lọ́dún. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba méjì tó kéré jù lọ ti lówó jù láti yá owó iléèwé! Wọ́n fagi lé òfin náà, wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n yọ iye yẹn kúrò. Ìlà kan ṣoṣo nínú òfin lè sé ìlẹ̀kùn mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, bó ti wù kí pátákó ìpolongo dára tó.

Lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, kò sí olùdíje ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tí kò ní òun fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn í sọ ni. Abala 214 ṣì sọ pé ẹyọ ọlọ́pàá kan ni orílẹ̀-èdè yìí ní, títún un ṣe sì fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì àti ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24. Ohun tí ó yẹ ká bi wọ́n ni ta ni yóò máa sanwó oṣù wọn, kí ni yóò sì dá gómìnà lọ́wọ́ kọ́ bó bá fẹ́ rán wọn sí ilé alátakò rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020, ilé ìgbìmọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ṣòfin rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n mọ bí a ti ń ṣe é bó bá wù wọ́n. Ti àwọn obìnrin ni kò wu àwọn aṣòfin àpapọ̀ l'Ábújá: ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, wọ́n da àbá márùn-ún tó kan ẹ̀tọ́ obìnrin nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí kan èyí tó fẹ́ dá àga àkànṣe sílẹ̀ fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti takókó nìyí. Bí mo bá fẹ́ mọ bí aṣòfin mi ṣe dìbò lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àbá òfin, kò síbi tí mo ti lè rí i. Olórí ilé yóò ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ariwo yóò ta. Yóò ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ariwo yóò tún ta, nígbà míràn tí tìkejì yìí dún ju tìkíní lọ létí gbogbo ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Olórí ilé yóò ní àwọn bẹ́ẹ̀ ni ló borí, yóò la òòlù mọ́ tábìlì, ó parí. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lè ṣí ìwé ilé aṣòfin Bìrìtìkó kí ó rí orúkọ aṣojú rẹ̀ àti ìhà tó dìbò sí, ní gbogbo ìgbà tí ilé bá pín sí méjì. Ará Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn kò ní irú rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ máa ń ṣí. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje 2021, àbá òfin ìdìbò dé iwájú Sẹ́nétì. Ìjà wà lórí ìlà tó sọ pé kí àjọ elétò ìdìbò, INEC, lè fi ẹ̀rọ ayárabíàṣá fi èsì ìbò ránṣẹ́ láti ibùdó. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n fi kún un pé NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí pé íntánẹ́ẹ̀tì tó káàkiri, kí ilé aṣòfin sì fọwọ́ sí i. Wọ́n kígbe bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kígbe bẹ́ẹ̀ kọ́, òòlù dún. Enyinnaya Abaribe, olórí ẹgbẹ́ tó kéré nínú ilé, dìde pé òun fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ. Ilé dàrú fún ìgbà díẹ̀. Nígbẹ̀yìn, akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ń dìde láti sọ tirẹ̀. Ẹni 52 ní kí wọ́n fi àṣẹ NCC há INEC lọ́wọ́; ẹni 28 ní rárá; ẹni 28 kò sí níjòókòó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, orúkọ wọn ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn. Àwọn tó sọ ní ìpolongo pé àwọn fẹ́ ìdìbò tó mọ́ ní láti ṣàlàyé ara wọn ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá, Sẹ́nétì kan náà padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ní kí INEC fi ọ̀nà tó bá wù ú fi èsì ránṣẹ́. Mi ò ní orúkọ tó jáde nìkan ló yí wọn lọ́kàn padà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ kí n dìbò fún òun ní 2027, ohun àkọ́kọ́ tí n ó bi í ni bóyá yóò ti ìlànà pípe orúkọ lẹ́yìn.

Ó ṣeé ṣe kó má lè dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Fún ìdìbò 2023, 20 mílíọ̀nù náírà ni ẹgbẹ́ APC ta fọ́ọ̀mù Sẹ́nétì, 10 mílíọ̀nù sì ni ti aṣojú-ṣòfin. Òfin ìdìbò 2022 fún wọn láyè láti ná 100 mílíọ̀nù àti 70 mílíọ̀nù. Ẹni tí bàbá ìsàlẹ̀ san irú owó yìí fún, ibi tí bàbá bá dúró ni òun náà ń dúró. Bí bàbá bá yí ẹgbẹ́ padà, ó di dandan kó bá a yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 68 ní kí ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fi àga rẹ̀ sílẹ̀, àyàfi bí ẹgbẹ́ náà bá ti pín. Gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń pín nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sá.

Àwọn olùdìbò wa mọ̀ ọ́n jẹ ẹni níyà, ẹ má tàn ara yín. Ní 2019, ariwo “Ó tó gẹ́” gbá Bùkọ́lá Sàràkí, ààrẹ Sẹ́nétì, kúrò ní Kúwárà Àárín Gbùngbùn. Lọ́dún kan náà, Abíọ́lá Ajímọ̀bí, gómìnà tó ń parí sáà kejì, kò rí Sẹ́nétì Gúúsù Ọ̀yọ́ gbà lọ́wọ́ Kọ́lá Balógun. Èèyàn ni wọ́n ń bínú sí ní ibi méjèèjì. Ìbò tí ẹnikẹ́ni dì lórí òfin kankan kò sí nínú ẹ̀sùn tó gbalẹ̀. Pípe aṣòfin padà lábẹ́ abala 69 kò tíì so èso kankan l'Ábújá. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí Dino Melaye ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí ní 2018, ẹni 18,742 péré ni INEC rí tó jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé wọn, ó sì gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo olùdìbò ẹkùn náà lọ.

Àwọn tí a kì í tilẹ̀ kà sí rárá ni àwọn olùdíje ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní 2022, ilé aṣòfin àpapọ̀ fi àbá àtúnṣe òfin 44 ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀. Lára wọn ni èyí tó fẹ́ kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù láìgba ọwọ́ gómìnà kọjá. Ó yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ 24 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò rí 24. Èyí tó ní kí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ fúnra wọn máa gba owó tiwọn tààrà yege láìsí wàhálà, ó sì wà lára àbá 16 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2023. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dìbò ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ káàkiri, púpọ̀ nínú àwọn tó dìbò lórí àbá méjèèjì sì wà lára àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá wọn padà. Owó káńsù dúró títí di ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí ó máa lọ tààrà. Àwọn adájọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn ló ṣe èyí.